Ohùn Tí Mo Fi Dógò Lórí Òkè Arúgbó

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ jókòó dáadáa. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́ tètè wú u, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fín aáṣà tètè fín in, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní padà sẹ́yìn torí ẹni tí ó ń tòògbé. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ ti ṣòfò. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, ẹ ti pọ́n ọ̀pá irin yín, ẹ sì fẹ́ kí n yọ̀ǹda fún yín láti lọ ṣí òkúta lórí Òkè Arúgbó. Kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó gbọ́ ìtàn kan. Mo sì gbọ́ ọ, ìwọ Ọdẹ́sanmí, nígbà tí o sọ sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ létí pé, "Ṣé kọ̀ǹkọ̀ ni bàbá yìí gbé mì ni?" Má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Ìbéèrè rẹ gbọ́n ju ìwọ alára lọ, òun gan-an ni mo fẹ́ dáhùn.

Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yìí kọ́ ni mo gbé wá sáyé. Nígbà tí ara mi ṣì le, bí mo bá dúró lórí àpáta kejì tí mo sì pe ìyàwó mi pé, "Ìbídùn o!", ohùn náà á gba orí igi kọjá, á wọ ilé lọ bá a, Ìbídùn á sì gbé omi iṣu kaná. Bí mo bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, omi ti ń hó. A kò fi igi ìdáná ṣòfò rí nílé wa. Mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà, mo bá ẹkùn pàdé lójú ọ̀nà tóóró, ẹkùn ló yà fún mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ń yìn mí ní Ìsàlú nígbà náà, ohùn mi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tí mo ní ni ìwé. N kò lọ sí ilé ìwé. Ilé ìwé ló wá bá mi. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni àpòòwé ń dé láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ tí n kò rí ojú wọn títí di òní. Mo ń ka ẹ̀kọ́, mo ń dáhùn ìbéèrè, mo ń fi ránṣẹ́ padà, wọ́n á sì fi yíǹkì pupa sàmì sí i. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, ìṣirò, àti bí a ti ń to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀kọ́ kẹrin sọ pé: "Dá ohun gbogbo padà sí ipò rẹ̀ kí o tó kúrò nídìí iṣẹ́." Mo há a sórí. Ẹ wọ ilé mi wò lónìí, àdá mi wà lórí ìṣó tirẹ̀, àpò ọdẹ mi wà lórí ìṣó tirẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀kọ́ kẹrin náà o, nítorí níbi tí ó yẹ kí n ti rántí rẹ̀ jù lọ ni mo ti gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò láàárín wa, Òkè Arúgbó kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Àpáta méje ni, wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí àwọn àgbà tí ó jókòó lórí ìjókòó kan, orí wọn pá, ẹsẹ̀ wọn wà nínú igbó. Kò sí ìran tí ó lè sọ pé ojú òun ni wọ́n ṣe débẹ̀. Láàárín àpáta kan sí èkejì, àfonífojì tútù ni, òkúta pẹlẹbẹ sì tò síbẹ̀ bí àkàrà nínú agbọ̀n. Ẹ̀dá wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn tí mo dé rí: àkèré tí kò tó orí ìka ọwọ́, tí ikùn rẹ̀ pupa bí osùn; alángbá tí ìrù rẹ̀ dúdú bí aró; ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kì í fò, tí ó ń rìn bí àgbàlagbà tí eékún ń dùn.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, abẹ́ àwọn òkúta wọ̀nyí ni ohun tí ń fà àti ohun tí ń fò ń sá sí de òjò. Ọdẹ á ki ọ̀pá irin bọ ìdí òkúta, á yí i, á mú awọ́nríwọ́n tàbí ejò tí ó bá rí. Àwọn bàbá wa a máa dé òkúta náà padà kí wọ́n tó lọ. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n kàn ń wí pé a kì í ṣí ilé onílé sílẹ̀. Lójú tèmi, òfò pátápátá ni. Ọdẹ kan á yí òkúta láàárọ̀, á dé e padà. Òmíràn á dé lọ́sàn-án, á tún yí òkúta kan náà, kò ní bá nǹkan kan. Èmi ni mo dìde láàárín ẹgbẹ́ ọdẹ, tí mo ní kí a máa fi ikùn òkúta sílẹ̀ sójú ọ̀run, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé a ti yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Tèmi tún yàtọ̀: mo ń fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí ikùn wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Láàárín ọdún méjìlá, tèmi nìkan di ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe dójú ẹ̀. Ní Ìsàlú, a kì í gbin àgbàdo títí kọ̀ǹkọ̀ odò Ẹ̀rọ̀ yóò fi ké. Odò náà ń sun láti ìsàlẹ̀ àpáta kẹta. Òjò àkọ́rọ̀ lè tan ènìyàn jẹ, kó rọ̀ lónìí kó sì sá lọ fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹkọ̀ bá ké, òjò ti dé tán nìyẹn. Ní ọdún kan, kọ̀ǹkọ̀ kò ké. A méfò, a gbìn, oòrùn yan irúgbìn nínú ilẹ̀. Ní ọdún kejì, kò ké. A tún méfò, oòrùn tún jẹ ẹ́. Ilé mẹ́sàn-án ti kó ẹrù wọn kúrò nílùú. Nígbà tí ó di ọdún kẹta, ìdì àgbàdo kan ṣoṣo ló kù tí ó so kọ́ sókè ààrò wa.

Ìbídùn nà án sí mi. Ó ní, "Ìdì kan nìyí. Bí mo bá gbìn ín lọ́jọ́ tí kò yẹ, àwa náà á tẹ̀lé àwọn tó ti lọ. Gba òkè lọ, kí o lọ bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi dákẹ́."

Mo ní, "Ta ni kí n bi?"

Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ pé kò sí ohun tó wà lórí òkè yẹn tí o ò mọ nọ́ńbà rẹ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ gbé obìnrin Ìsàlú níyàwó, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ la fi ń fèsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mú ìbọn, mo mú ọ̀pá irin, mo lọ.

Láàárín àpáta kejì sí ẹ̀kẹta ni ọ̀nà ti fún. Ìkùukùu bò ó láàárọ̀ náà, kò sì yẹ kí ìkùukùu wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti kọjá lára kùkùté kan kí kùkùté náà tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ yá jù." Mo yí padà. Bàbá arúgbó kan ni, ara rẹ̀ ní àwọ̀ èèpo igi. Bí mo ti ń wò ó ni ó ń di àwọ̀ òkúta tí ó fara tì. Ojú rẹ̀ yọ síta bí ọmọ odó, ojú ọ̀tún ń wo iwájú, ojú òsì ń wo ẹ̀yìn, wọn kò sì wo ibì kan náà títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rìn jìnnà, mo rí i.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ǹlẹ́ o. Ta lẹ̀yin?"

Ó ní, "Ẹni tí kì í kánjú ni mí. Ọmọ Ìsàlú, ojú mi ọ̀tún rí ibi tí ò ń lọ, ojú mi òsì rí ibi tí o ti wá. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè sọ fún ọ. Èwo ni o fẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ibi tí mo ti wá, mo mọ̀ ọ́n. Kí ni n ó tún bi yín sí? Ẹ sọ ibi tí mò ń lọ."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó mì í síwá sẹ́yìn kí ó tó gbé e lélẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kọjá níbí lọ́dún méjìlá sẹ́yìn ṣe dáhùn, ìwọ sì ni. Ó dára. Ibi tí ò ń lọ, wọ́n ń retí òjìji rẹ." Lẹ́yìn náà ni ó di òkúta pátápátá. Mo fi ọwọ́ kàn án, ó tutù, ó sì le. N kò mọ̀ bóyá òun ni mo fọwọ́ kàn tàbí àpáta.

Òjìji mi kẹ̀? Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín, mo sì wọ àfonífojì kẹta.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níhìn-ín. Bí mo ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ náà mọ́. Mo fi ọ̀pá irin gbá àpáta, ó ta iná, kò dún. Afẹ́fẹ́ ń mi ewé gbígbẹ, ewé kò dún. Mo ní kò burú, mo kọ ojú ìbọn sókè, mo yìn ín. Ó tì mí léjìká, èéfín jáde, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan gba ìró náà lẹ́nu ìbọn, tí ó fi sápò.

Ìkùukùu ká, oòrùn ọ̀sán sì ràn. Gbogbo òkúta tí ó wà ní àfonífojì náà, ikùn wọn wà lókè, wọ́n funfun bí eegun. Ilẹ̀ tí wọ́n ti bò tẹ́lẹ̀ ti là pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Mo rí nọ́ńbà mi lórí wọn: ogún, ọgbọ̀n ó lé kan, àádọ́rin. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ẹfun mi kò tíì parẹ́. Ẹ wo irú ẹni tí mo jẹ́.

Ibẹ̀ ni ohun kan ti bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi. Mo wolẹ̀: àkèré kékeré ni, ikùn pupa, awọ rẹ̀ gbẹ bí ewé tábà. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, òwe tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Mo gbé ojú sókè, mo rí àwọn yòókù. Wọ́n ń bọ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ọ̀pọ̀lọ́ tí ń rìn, alángbá onírù dúdú, awọ́nríwọ́n pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ọmọ́ńlé tí awọ rẹ̀ mọ́ gaara débi pé mo rí ẹyin nínú ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni paramọ́lẹ̀ mẹ́rin àti òjòlá kan tí ó nípọn tó itan mi. Èyí tí í jẹ èyí kò jẹ ẹ́. Gbogbo wọn la ẹnu bí ẹni ń ké, kò sì sí ìró kankan. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sì dúró.

Inú òjìji mi ni wọ́n dúró sí.

Ẹ̀yin ọdẹ, mo ti rí ikú lójú ẹkùn, n kò gbọ̀n. Lọ́jọ́ náà mo gbọ̀n. Gbogbo àfonífojì náà kò ní ibòji kan àfi ara mi, oòrùn sì ń gòkè lọ sí àtàrí. Ẹ mọ ohun tí òjìji ń ṣe bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n: ó ń kúrú. Bí ó ti ń kúrú ni wọ́n ń súnmọ́ mi. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti wà láàárín bàtà mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n gun orí ẹsẹ̀ mi. Òjòlá náà wé mọ́ mi ní ìbàdí, kò fún mi, ó kàn ń wá ibi tí ó tutù. Paramọ́lẹ̀ kan wọ abẹ́ ẹ̀wù mi, mo mọ ibi tí orí rẹ̀ wà nítorí ó gbé e lé egungun ìhà mi. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, n ó tẹ ọ̀kan. Bí mo bá tẹ ọ̀kan, ó parí.

Mo kígbe. Ẹ sì wo ohun ìyanu: ohùn mi dún. Nínú gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ohùn mi nìkan ló dún, ó ròkè, ó bá àpáta, ó padà wá bá mi.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé. Kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ló sọ ọ́ sí mi nínú egungun: "Má mira. Wọn kò wá pa ọ́. Òrùlé ni wọ́n ń wá."

Obìnrin kan jókòó nínú kòtò gbígbẹ kan nítòsí orísun odò Ẹ̀rọ̀. Ó kúrú, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, awọ rẹ̀ tutù lápá kan, ó sì là lápá kejì bí ẹrẹ̀ tí omi ti gbẹ lórí rẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ń mí sókè sódò. Nígbà tí ó bá ṣẹ́jú, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni ó ń gòkè wá bá tòkè. Mo ní, "Ìyá, ẹ gbà mí."

Ó ní, "Dáhùn ná. Kí ni í fi awọ mumi, tí kì í fi ẹnu mu ún?"

Ara mi kún fún ejò, orí mi sì ṣiṣẹ́. Mo wo àkèré tí awọ rẹ̀ gbẹ lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Àkèré ni."

"Ilé wo ni kò ní ògiri, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí òrùlé rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀?"

Mo ní, "Abẹ́ òkúta ni."

"Ta ni ó ṣí òrùlé ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin láti fi sàmì pé kò sí ẹnìkan nínú ilé?"

Bí ẹ bá jẹ́ ọlọgbọ́n, ẹ ti mọ ìdáhùn èyí. Oòrùn wà ní àtàrí gan-an báyìí, òjìji mi ti tán lábẹ́ mi.

Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀. Mo rò pé agbára ni mò ń dá sí."

Ó ní, "Agbára tìrẹ. Abẹ́ òkúta yẹn ni ìrì ń pamọ́ sí. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹyin wà. Àwọn ọmọ mi ń fi awọ mí. Bí awọ bá gbẹ, èémí tán. Ohùn wo ni ẹni tí kò lè mí fẹ́ fi ké? Ẹ wá ń bèèrè pé kí ló dé tí a fi dákẹ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní n ó dé wọn padà, gbogbo èyí tí ọwọ́ mi ṣí. Ó ní kí ni n ó fi dógò. Mo na ìbọn sí i. Ó ní irin kì í mumi. Mo ní kí ó mú ojú mi kan. Ó ní òun ní ojú tó. Ó ní, "Ohùn rẹ nìkan ló ṣì ń dún níhìn-ín. Òun ni kí o fi sílẹ̀. Bí òkúta tó kẹ́yìn bá padà sílé kí òjò tó dé, a ó jọ sọ ọ̀rọ̀ ohùn náà. Bí òjò bá bá òkúta kan lójú ọ̀run, omi á gbé ẹyin tó kù lọ, ohùn rẹ á sì kú pẹ̀lú wọn. Pe ohun tí o fẹ́ràn jù láti máa pè."

Kí ni n ó tún pè? Mo kó èémí jọ, mo ní, "Ìbídùn o!" Ó la ẹnu gbòòrò yẹn, ó sì pa á dé mọ́ ohùn náà. Àpáta kò dá a padà. Ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ tutù díẹ̀, àwọn tí ó wà lára mi sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Paramọ́lẹ̀ abẹ́ ẹ̀wù mi ló sọ̀ kẹ́yìn. Mo la ẹnu kí n dúpẹ́. Afẹ́fẹ́ ló jáde.

N kò ní ròyìn iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo fi ń sùn lórí òkè fún yín. Ẹni tí kò bá mọ bí òkúta ti wúwo, kí ó lọ gbé e. Ẹ̀kọ́ kan péré ni n ó yọ níbẹ̀: òkúta kì í kàn wà nílẹ̀ bákan ṣáá. Ó ní ojú tí ó fi ń wo òkè, ó ní eyín tí ó bá eyín ilẹ̀ mu. Bí o bá gbé e sí i lódì, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ìrì á jáde. Nọ́ńbà tí mo fi ba ilé wọn jẹ́ ni mo fi tún un ṣe, nítorí mo ti kọ ibi tí mo ti yí ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan tí kì í kúrò nínú àpò ọdẹ mi. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹsàn-án, ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́ta ti padà sílé. Nọ́ńbà kìíní ló kù. Mo wá a títí. Mo wá bá ìyá náà nínú kòtò rẹ̀ lẹ́bàá orísun, òun nìkan kò ní ohun tí ó bò ó. Ó wò mí, ọ̀fun rẹ̀ ń mí. Ó ní, "Tèmi ńkọ́?"

Ní ìwọ̀ oòrùn òkè, ojú ọjọ́ ti ń dúdú. Mo ṣí ìwé mi. Níwájú nọ́ńbà kìíní, mo rí ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ mi kọ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn: "Ó tẹ́jú, ó dára. Mo gbé e lọ sílé." Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọlọ Ìbídùn ni! Ọlọ tí mo gbé fún un nígbà tí mo fẹ́ ẹ, tí gbogbo ìlú yìn.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ìbídùn wà nídìí ààrò. Ó ní, "O wọlé láìpè? Ta ló bá ọ jà? Omi ò sí lórí iná o." Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo di ọlọ mú. Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi í ṣe?" Mo gbé e. Ó fò dìde, ó jókòó lé ọlọ náà, ó ní, "Ọkọ mi, orí rẹ yí lórí òkè ni? Ṣé eyín ni kí n máa fi lọ ata ni?" Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ jáde. Ó wò mí lẹ́nu pẹ́. Mo mú ẹfun, mo ya òkè sára ògiri, mo ya odò, mo ya àkèré. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀fun mi, mo sì nawọ́ sí òkè.

Ìbídùn kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n kò gọ̀. Ó dìde, ó yí ọlọ náà, ó rí àmì ẹfun tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní ikùn rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ìgbà yìí, mo rò pé àmì ìfẹ́ ni. Àwọn tó wà lórí òkè ló ni ín?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ibẹ̀ ni ohùn rẹ wà?" Mo mi orí. "Bí mo bá kọ̀ ńkọ́?" Mo nawọ́ sí ìdì àgbàdo tí ó so kọ́ lókè ààrò.

Ó gbójú sókè wo ìdì náà. Ó ní, "O káre, Ọdẹ́lànà. O ká òrùlé onílé fún mi ní ẹ̀bùn ìyàwó, o sì jẹ́ kí n máa lọ ata lé e lórí fún ọdún méjìlá." Ó gbé omi. Ó fọ ọlọ náà lẹ́ẹ̀meje, ó ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní awọ àkèré tí òun mọ̀, ata kò gbọdọ̀ kàn án. Èmi tí mo kàwé, n kò rò ó. Ó ká òṣùká lé orí, ó ní kí n gbé e rù ú. Mo fẹ́ gbà á, ó ní, "Ọ̀pá irin rẹ ni kí o gbé. Ọlọ mi ni."

Ààrá ń kù nígbà tí a kọjá lára kùkùté ọ̀nà tóóró. Ojú òsì rẹ̀ tẹ̀lé Ìbídùn. A dé àfonífojì náà, ìró ẹsẹ̀ wa tún pa. Ìbídùn rí ìyá náà, kò sá. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Mi ò mọ̀ pé òrùlé ni." A jọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ tútù rẹ̀ pa ojú òkúta, ibi tí lílọ ojoojúmọ́ ti jìn bí àwo. Ó ní, "Ó ti jìn." Ìbídùn ní, "Ọwọ́ mi ló jìn ín." Ìyá náà tún fọwọ́ yí ibẹ̀ ká. Ó ní, "Ẹ da ojú ibi tó jìn náà dé mi. Àyè ọmọ ló fi pọ̀ sí i."

A gbé ọlọ náà dé e lórí. Bí eyín òkúta ti bá eyín ilẹ̀ mu, òjò ju ẹ̀kán àkọ́kọ́ sí mi lẹ́yìn ọrùn. Nígbà náà ni ìbọn dún. Ìbọn tí mo yìn lọ́jọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ni o! Ó dún lókè orí wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ la àpáta. Ìró ẹsẹ̀ mi gbogbo tẹ̀lé e, tẹ̀lé e, bí ọ̀pọ̀ ọdẹ tí ń sáré bọ̀. Lẹ́yìn wọn ni kọ̀ǹkọ̀ kan ké lábẹ́ òkúta, òmíràn dáhùn, gbogbo òkè sì gbà á.

Mo la ẹnu láti pe Ìbídùn. Ohun tí ẹ ń gbọ́ yìí ló jáde. Ìbídùn fò sẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá, ohùn mi dà?" Ilẹ̀ dá mi lóhùn nínú àtẹ́lẹsẹ̀ pé, "Àwọn ọmọ ti pín in. Tiwọn ni wọ́n fún ọ dípò. Àwọn òkúta tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣí, ìwọ lo kọ́ wọn. Lọ kọ́ wọn padà."

Ọ̀rọ̀ mi sí yín nìyí, ẹ̀yin ọdẹ. Ọ̀pá irin yín lè gòkè. Ṣùgbọ́n nítorí òkè ni yóò fi lọ, kì í ṣe nítorí ẹran. Ṣíṣí ti tán. Dídé ló kù: àwọn òkúta tí àwọn bàbá yín ṣí nítorí ọgbọ́n mi ṣì wà ní àfonífojì kẹrin àti ìkarùn-ún, ikùn wọn wà lójú oòrùn. Mo ti ń dé wọn láti ìgbà náà, agbára mi sì ti ń tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó dáa, Ọdẹ́sanmí, mo rí tìrẹ.

Kí n tó dìde: Ìbídùn ń lọ ata nílé aládùúgbò títí di òní, kò sì gba ọlọ mìíràn lọ́wọ́ mi. Lọ́dọọdún, bí òjò tòótọ́ bá ti fẹ́ dé, èmi àti òun a jókòó lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Láti ọ̀nà odò Ẹ̀rọ̀, láàárín igbe kọ̀ǹkọ̀, a ó gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ́ gaara: "Ìbídùn o!" Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu mi sì pa dé. Kì í wò mí. Á dìde, á gbé omi kaná bí ó ti máa ń ṣe, lẹ́yìn náà á nawọ́ sókè ààrò, á sì já ìdì irúgbìn náà wálẹ̀.